Òkúta Inú Àmù Abigail

Ignatius Adéyẹyè kì í mu omi láìkọ́kọ́ gbé e wò. Bó wà nílé àna, bó wà níbi òkú, bí àlùfáà fúnra rẹ̀ ló bu omi fún un, yóò gbé ife sókè síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, yóò di ojú kan, yóò fi èkejì wo omi náà títí. Àwọn ọmọ àdúgbò a máa sín in jẹ. Kì í bínú. Iṣẹ́ tó fi jẹun ni.

Wolé-wolé ni. Ìjọba ti ní kó lọ sinmi tipẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò bá a fẹ̀yìn tì. Títí di òní, bó bá ń kọjá ní ìgboro Ọ̀wọ̀, àgbà obìnrin kan lè rí i kó sáré bo ìkòkò rẹ̀, kó tó rántí pé bàbá arúgbó lásán ló ń lọ. Nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ùsò, ó ń gùn ún lọ sí Ìpele, wọ́n sì máa ń rán an dé ìhà odò Ọ̀sẹ̀ lọ́hùn-ún. Kakí ló ń wọ̀. Yóò ṣí ìdérí àmù, yóò tẹ orí bọ inú rẹ̀. Bí tanwíjí bá wà níbẹ̀ tó ń jà wọ́rọ́wọ́rọ́, yóò dojú àmù bolẹ̀. Kò sí ẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ ní gbogbo agboolé: "Ohun tó ń pa yín, ojú yín kò lè rí i."

Ó gbà á gbọ́. Ó ti bá wọn sin ọmọ tí omi àìmọ́ pa.

Ibi tó ti ń dojú àmù bolẹ̀ náà ló ti rí ìyàwó. Ìdògún ni, lọ́jọ́ kan tí oòrùn mú. Ó wọ agboolé apẹja kan, ó ṣí àmù tó wà lábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀, ó rí i pé omi náà dúdú, àti pé òkúta tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ti hu nǹkan tó ń yọ̀. Kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó yí i dànù. Ẹja àrọ̀ kékeré kan bá omi jáde, ó ń ta pàtìpàtì nínú eruku, irùngbọ̀n rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ọmọbìnrin kan sáré jáde. Kò kí i. Ó gbé ẹja náà sínú igbá tí omi díẹ̀ kù sí, ó wá yíjú sí ọkùnrin oníkakí.

"Ẹja yìí ló ń jẹ tanwíjí tẹ́ ẹ̀ ń wá kiri. Ṣé ẹ rí ẹyọ kan níbẹ̀?"

Ignatius wo ilẹ̀. Omi ti ń wọlẹ̀ lọ. Kò rí tanwíjí kankan.

"Ìjọba ló rán mi," ló wí.

"Kí ìjọba wá pọn omi mi padà."

Ignatius gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ pọn ọ́n, tòun ti kakí lọ́rùn. Gbogbo èèyàn jáde wá wò ó. Lẹ́yìn èyí, kò sí oṣù kan tí kò rí ìdí tó fi yẹ kó lọ yẹ omi Ìdògún wò.

Abigail ni ọmọbìnrin náà. Nígbà tó gbà láti fẹ́ ẹ, ohun kan ṣoṣo ló béèrè. Òun yóò gbé àmù náà wá sí Ọ̀wọ̀ pẹ̀lú òkúta inú rẹ̀, Wolé-wolé kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án láé. Ó gbà. Bí àmù kan ṣe wà lẹ́yìn ilé wolé-wolé nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kò fọ̀ rí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe ẹ̀rín títí. Àrọ̀ kékeré kan máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Bó bá kú, Abigail a fi òmíràn sí i.

Wọ́n bí ọmọ kan, Mofìyìnfólúwa. Ó dàgbà, ó di tíṣà, ó lọ ń gbé ní Àkúrẹ́. Ilé dákẹ́. Nígbà tó yá, àìsàn wọ Abigail lára ní òwúrọ̀ kan, ó mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì kó èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lọ. Ẹja inú àmù kú. Kò sẹ́ni tó fi òmíràn sí i. Òjò ń rọ̀ sínú rẹ̀, ewé ń bọ́ sínú rẹ̀, Ignatius ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìwò ó, bí wọ́n ṣe jọ sọ ọ́.

Inú àga tìmùtìmù ní pálọ̀ ni Abigail máa ń jókòó, yóò kọjú sí ògiri. Kò sí nǹkan kan lára ògiri náà. Yóò máa wò ó láti òwúrọ̀ títí oòrùn yóò fi yí. Bí Ignatius bá pè é, á pẹ́ kó tó yíjú, bí ẹni tó jókòó sí bèbè odò tí wọ́n ń pè láti òdìkejì. Lọ́jọ́ mìíràn kì í yíjú rárá.

Mofìyìnfólúwa ló gbé àpótí dígí wá. Ó gbé e ka orí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, ó da òkúta wẹ́wẹ́ sí i, ó pọn omi sí i, ó ki ẹ̀rọ kékeré kan bọ̀ ọ́ tó ń fa omi gba inú fóòmù kọjá, tó sì ń fẹ́ atẹ́gùn jáde wùrùwùrù. Ẹja pupa wẹ́wẹ́ ló kó sí i. Nígbà tó di ọ̀sán, oòrùn gba ojú fèrèsé wọlé, ó gba inú omi kọjá, ó bọ́ sára ògiri tí Abigail ń wò. Ògiri náà bẹ̀rẹ̀ sí mì. Ó ń ṣàn, ó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí, òjìji ẹja kan sì la àárín rẹ̀ kọjá.

Abigail la ẹnu. "Odò," ló wí.

Ó pẹ́ tó ti sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Mofìyìnfólúwa sunkún. Ignatius lọ dúró sẹ́yìn ilé díẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Abigail ti ń wá sílé díẹ̀díẹ̀. Ó ń jẹun. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan, èjì. Ó ní àwọn ẹja pupa náà kò ní irùngbọ̀n. Ó ní wọ́n dà bí obìnrin tó ń lọ ibi àyẹyẹ. Ignatius wò ó pé bí nǹkan ṣe ń lọ yìí, ìyàwó òun yóò padà. Ó wá gbà pé iṣẹ́ tòun ni kí omi náà mọ́.

Ó sì mú un mọ́. Bó bá ti rí i pé ara dígí ń yọ̀ díẹ̀, yóò kó ẹja sínú bọ́ọ̀lù, yóò da gbogbo omi nù, yóò fi ọṣẹ fọ dígí, yóò fi oògùn apakòkòrò nù ún títí tí pálọ̀ yóò fi máa rùn bíi wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn. Yóò fún fóòmù inú ẹ̀rọ, yóò sá a sóòrùn. Yóò pọn omi tuntun, yóò kán klórìn sí i bó ṣe máa ń kán an sínú kànga nígbà iṣẹ́ ìjọba. Omi náà máa ń mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn kò ní mọ̀ pé omi wà níbẹ̀. Àwọn ẹja ń lọ sókè, wọ́n ń la ẹnu sí atẹ́gùn, wọ́n ń mí hẹlẹhẹlẹ. Wọ́n ń kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n ṣe ń kú tó ni òun náà ń fọ̀ tó.

Abigail ló kọ́kọ́ rí èyí tó gbẹ̀yìn. Ó léfòó, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lójú omi, ẹ̀rọ ń tì í kiri. Abigail fi ọwọ́ òsì lu apá àga.

"Ẹ yí mi."

Ignatius yí àga náà sí ọ̀nà ibi tó ń nawọ́ sí, ògiri kejì, tí oòrùn kì í dé.

"Kó má tún sí," ló wí. Ó sinmi. "Èyí tó máa kú."

Kò tún sọ̀rọ̀ mọ́ lọ́jọ́ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ lọ́jọ́ kejì.

Mofìyìnfólúwa pè lórí fóònù. "Dádì, mo máa ra òmíràn wá lópin ọ̀sẹ̀."

"Má rà á."

"Kí ló dé?"

"Bí ọ̀kan bá tún kú lójú ìyá rẹ, kò ní yí àga yẹn padà mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ló kù fún wa. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mọ ohun tó ń pa wọ́n."

Ó bu omi inú àpótí sínú ìgò, ó gbé e lọ bá Ràhmát, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń sin ẹja lójú ọ̀nà Ìpele. Ẹ̀kọ́ ẹja ló kọ́ nílé-ẹ̀kọ́ gíga. Kòtò oníṣìmẹ́ńtì ló kún ọgbà rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kì í gbẹ. Ó kán oògùn kan láti inú ìgò kékeré sínú omi tí Ignatius gbé wá, ó mì í. Omi náà yí padà, ó dà bí ewé.

"Oró rèé, Bàbá. Ìyeyè ló yẹ kó pọ́n bí."

"Oró ti ibo? Mo fọ ibẹ̀ mọ́ tónítóní."

"Ìtọ̀ ẹja ni. Inú omi tó ń mí náà ló ń tọ̀ sí. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ oró yẹn, àmọ́ ohun tí òun náà ń yà, oró ni. Kòkòrò kejì ló wá ń jẹ ìyẹn. Tòun ni kì í yára pa ẹja. Ara òkúta ni wọ́n ń gbé, àti ara dígí, àti inú fóòmù. Wọn kì í tètè dé. Wọn kì í tètè pọ̀."

"Nǹkan kan máa ń yọ̀ lára dígí."

"Ilé wọn nìyẹn."

"Mo máa ń fọ̀ ọ́."

"Kí lẹ fi ń fọ̀ ọ́?"

Ó sọ fún un. Ó sọ nípa ọṣẹ, ó sọ nípa oògùn, ó sọ nípa klórìn. Ó ní òun tilẹ̀ se òkúta rẹ̀ lórí iná.

Ràhmát fi ọwọ́ bo ẹnu. "Ẹ se òkúta? Bàbá, ẹ má bínú, ṣé ẹ fi iyọ̀ sí i?"

Ignatius kò rẹ́rìn-ín. "Ohun tí ojú kò rí ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi lé kiri. Ìwọ wá ní kí n máa sìn ín nínú pálọ̀ mi?"

"Ẹ sìn ín, Bàbá. Òun ló máa bá yín sin ẹja. Ẹ má tíì fi ẹja sí i. Ẹ pọn omi, ẹ má kán nǹkan kan sí i, ẹ fi oúnjẹ ẹja díẹ̀ sí i kó máa jẹrà. Nígbà tí omi bá gbó, tí kòkòrò méjèèjì ti pọ̀ tó, ẹ óò rí i nínú oògùn yìí." Ó nawọ́ sí kòtò kan. "Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó yá, mo lè fún yín ní fóòmù ìdọ̀tí látinú tèmi."

"Rárá. Mi ò mọ àrùn tó wà nínú omi ọlọ́mi."

Ràhmát yá a ní ìgò oògùn méjì. Ti àkọ́kọ́, bó bá pọ́n bí ìyeyè, kò sí oró ìtọ̀. Bó bá dà bí ewé, ó wà. Ti èkejì, bó bá dà bí ojú ọ̀run, kò sí oró kejì. Bó bá dà bí aṣọ àlùkò, ó wà.

Ó délé, ó ṣe é. Ó pọn omi, ó jẹ́ kó wà bó ṣe wà. Ó fi ìka méjì mú oúnjẹ ẹja, ó wọ́n ọn sínú omi tí kò ní ẹja. Ó dùn ún bí ìgbà tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ju ìdọ̀tí sínú kànga.

Omi náà kò gbó. Ó bàjẹ́ ni. Ó di bí ẹ̀kọ mímu, òórùn rẹ̀ gba pálọ̀. Ó ń bu díẹ̀ sínú ife, ó ń kán oògùn àkọ́kọ́ sí i, ewé ló ń rí, ewé tó túbọ̀ ń ṣú. Oró kejì kò tilẹ̀ yọjú. Kòkòrò tí wọ́n ní kó dúró dè kò wá. Abigail kọ ẹ̀yìn sí gbogbo rẹ̀, ó ń wo ògiri tirẹ̀, ojú rẹ̀ ń jìnnà sí i lójoojúmọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Jìbírílù yà wá kí wọn láti mọ́ṣáláṣí. Ará Àkókó ni, Ọ̀wọ̀ ló ti ṣiṣẹ́ ìjọba. Òun àti Ignatius jọ wọ kakí ni. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ òórùn, ó dúró.

"Ta ló kú síbí?"

"Omi ni."

Jìbírílù bẹ̀rẹ̀ wo inú dígí. Ó wo Ignatius. Ó tún wo dígí.

"Ignatius. Ìwọ yìí. Ìwọ tó dojú àmù ìyá mi bolẹ̀. Ìyá tó bí mi lọ́mọ, tó ti gún iyán dè ọ́."

"Tanwíjí wà níbẹ̀."

"Mo mọ̀ pé tanwíjí wà níbẹ̀! Kí ló wá wà nínú eléyìí?"

"Kòkòrò."

"O sì jókòó tì í?"

"Mò ń sìn wọ́n ni."

Jìbírílù rẹ́rìn-ín títí ó fi di àga mú. "Dúró, jẹ́ kí n lọ gbé kakí mi wá. Mo fẹ́ mú ẹ lọ kóòtù." Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó rí Abigail nínú àga, ẹ̀rín náà sì tán. Ó fa ọ̀rẹ́ rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó rọ ohùn sílẹ̀. "Dà á nù, ọ̀rẹ́ mi. Ilé tí aláìsàn wà nìyí. O mọ ohun tí irú omi yẹn ń ṣe. Ìwọ lo kọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ignatius lára ju ẹ̀rín lọ. Jìbírílù lọ tán, ó mú garawa. Ó fi ìgò oògùn apakòkòrò sí abíyá. Irin ọwọ́ garawa lu ara rẹ̀, ó dún gbáńgan.

"Wolé-wolé."

Ó dúró. Abigail kò yíjú, kò lè yí i dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ ìró garawa yẹn. Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, kò pè é lórúkọ yẹn rí.

"Ẹ má dà á nù."

"Ó ti bàjẹ́, Abi. Kò gbó."

Ó pẹ́ kó tó rí ọ̀rọ̀ tó ń wá. Ignatius gbé garawa kalẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ síwájú àga kó lè rí ẹnu rẹ̀.

"Òkúta," ni Abigail wí. "Àmù mi."

Ó rò ó. Gbogbo ọdún tí àmù náà fi wà níbẹ̀, ẹja ń gbé inú rẹ̀, ó ń sanra. Kò sẹ́ni tó fọ̀ ọ́. Kò sẹ́ni tó da omi rẹ̀ nù lẹ́yìn ọjọ́ tí òun dà á. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé kí n fọwọ́ kàn án?"

Abigail mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó jáde sẹ́yìn ilé. Ìrọ̀lẹ́ ni, afẹ́fẹ́ dúró, páànù ilé ṣì móoru. Ó wo inú àmù. Omi inú rẹ̀ dúdú bí tíì, ewé ìbẹ́pẹ kan wà lójú rẹ̀. Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù dé èjìká, ó ki apá bọ̀ ọ́. Ó tutù. Apá náà wọlẹ̀, ó parẹ́ mọ́ ọn lójú, bí ẹni pé apá ẹlòmíràn ni. Ó ń lọ sísàlẹ̀, ó ń lọ sísàlẹ̀, ó wá dà bí ẹni pé àmù náà jìn ju bó ṣe ga lọ, bí ẹni pé Ìdògún ni yóò ti fọwọ́ kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bá òkúta. Wọ́n rọ̀, wọ́n ń yọ̀, bí orí ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró pa. Òórùn odò dìde wá bá a nímú, kì í ṣe òórùn ìdíbàjẹ́. Ó dúró bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Kò mọ bó ti pẹ́ tó.

Ó kó wọn sínú àwọ̀n àlùbọ́sà. Nígbà tó ń kọjá lẹ́bàá ẹ̀rọ omi, ọwọ́ rẹ̀ lọ fúnra rẹ̀, ó ti fẹ́ ṣí i láti ṣan wọ́n. Ó fà á padà. Ó kó àwọn òkúta ìyàwó rẹ̀ wọ inú àpótí dígí bí wọ́n ṣe wà, pẹ̀lú ohun tó ń yọ̀ lára wọn, ó sì da omi àmù díẹ̀ lé wọn lórí. Ohun tó fi gbogbo ìgbà iṣẹ́ rẹ̀ lé jáde nílé onílé ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú wọ tirẹ̀.

Kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀ lójijì. Ṣùgbọ́n òórùn náà lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wò ó, ó rí i pé òun lè rí fèrèsé láti òdìkejì dígí.

Abigail kò ní kó yí òun padà. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ni.

"Àwọ̀ wo?"

"Ewé ni, Abi."

"Hùn-ún."

Lọ́jọ́ mìíràn: "Àwọ̀ wo?"

"Ewé ṣì ni. Àmọ́ ewé tó ti ń pọ́n."

Lẹ́yìn náà ni oró kejì wá dé, bí Ràhmát ṣe sọ. Omi tó kán oògùn kejì sí yí padà, ó di àlùkò. Ignatius gbé e yí àga lọ síwájú kó lè fi hàn án. Abigail wò ó dáadáa.

"Bí aṣọ bíṣọ́ọ̀bù," ló wí.

Ignatius rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Abigail ń wò ó, ẹnu rẹ̀ fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ tó ṣì lè fà.

Àsìkò yẹn ni Ignatius bẹ̀rẹ̀ sí sùn lọ́sàn-án. Yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí, ẹ̀rọ yóò máa dún wùrùwùrù, oòrùn yóò máa mì lára ògiri tí kò sẹ́ni tó ń wò ó, oorun yóò sì gbé e lọ. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó rí i pé òun ń rìn ní ìgboro Ọ̀wọ̀ nínú kakí, omi sì bo gbogbo ìlú. Kò rì. Páànù ilé wà lókè, ó ń mì. Aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí ewé odò. Gbogbo ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Ó wọ agboolé, ó ṣí àmù, àrọ̀ kan jókòó sínú rẹ̀ bíi baálé ilé, ó gbé irùngbọ̀n sókè, ó ní, "Wolé-wolé, ẹ káàbọ̀. Kí lẹ bá wá?" Ignatius wá ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ, kò rí i. Ó rọra bo àmù náà padà. Ó lọ sí ilé kejì. Ilé gbogbo ló ń wọ̀, ó kàn ń bo àmù ni, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń bo ọmọ tó ń sùn.

Nígbà tó jí, ó kán oògùn méjèèjì. Àkọ́kọ́ pọ́n bí ìyeyè. Èkejì dà bí ojú ọ̀run.

Kò gbà á gbọ́. Ó tún fi oúnjẹ sí i, ó dúró di ọjọ́ kejì, ó tún un kán. Ìyeyè. Ojú ọ̀run.

Ó lọ sọ fún Ràhmát. Ó béèrè ọmọ àrọ̀ kan, kì í ṣe ẹja pupa.

"Ó máa dàgbà ju dígí yẹn lọ, Bàbá."

"Bó bá dàgbà, a óò mọ ibi tí a ó gbé e sí. Jẹ́ kó kọ́kọ́ dàgbà."

Ràhmát gbé e wá fúnra rẹ̀ nínú ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí. Ó fi ọ̀rá náà léfòó sójú omi kí ara ẹja lè mọ omi náà, lẹ́yìn náà ló tú u sílẹ̀. Ẹja kékeré dúdú náà já wọ ìsàlẹ̀, ó wọ abẹ́ òkúta, wọn kò rí i mọ́. Ràhmát ní kí wọ́n má yọ ọ́ lẹ́nu, ó sì lọ.

Ignatius jókòó. Abigail wà nínú àga rẹ̀, ó kọjú sí ògiri tirẹ̀. Oòrùn yí wọlé.

Ẹja náà jáde lábẹ́ òkúta. Ó lọ sókè tààrà, ó la ẹnu sí atẹ́gùn.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni àwọn ẹja pupa ṣe kí wọ́n tó kú. Ẹja náà wọlẹ̀, ó tún gòkè, ó tún la ẹnu. Ignatius dìde. Kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ó wo garawa. Ó wo ẹ̀yìn orí ìyàwó rẹ̀, ó ń gbàdúrà kó má gbọ́.

Ẹja náà gòkè lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó fa atẹ́gùn. Ó dún pọ́ọ̀.

Abigail gbé orí sókè.

"Wolé-wolé. Ẹ jókòó."

"Ó ń lọ sókè, Abi. Ó ń…"

"Àrọ̀ ni." Ọ̀rọ̀ náà ń wá, ó lọ́ra, ṣùgbọ́n ó ń wá. "Ó ń mí ni. Bó ṣe ń mí nìyẹn. Gbogbo òru ni mo máa ń gbọ́ ọ nínú àmù. Nílé bàbá mi." Ó sinmi. Ẹja náà tún dún pọ́ọ̀, ó fi etí sí i. "Bí mi ò bá gbọ́ ọ, mi kì í rí oorun sùn."

Ignatius jókòó.

Abigail fi ọwọ́ òsì lu apá àga.

"Ẹ yí mi."

Ó yí i. Àga náà wúwo, ó fi ikùn tì í, ẹsẹ̀ rẹ̀ ha ilẹ̀ bó ṣe ń yí. Oòrùn ti gba inú omi kọjá, ó ti bọ́ sára ògiri, ògiri ń ṣàn. Òjìji ẹja kékeré kan gun ara rẹ̀ lọ sókè, ó gbé irùngbọ̀n dání.

Abigail wò ó títí. Ojú rẹ̀ wà nílé.

"Àwọn òkúta mi," ló wí nígbà tó yá. "Ẹ ò fọ̀ wọ́n?"

"Mi ò fọ̀ wọ́n."

"Kí ló wá kù nínú àmù?"

"Omi díẹ̀. Mo ti bu lára rẹ̀."

Ó yíjú kúrò lára ògiri, ó wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, bó ṣe wò ó lọ́jọ́ tó wọ kakí.

"Kí ìjọba wá pọn omi mi padà."

Ignatius mú garawa, ó sì jáde.